Ohun Tí Olùkọ́ Láàbù Lè Rà Ní Petit Marché

Àárín gbùngbùn Niamey, olú ìlú Niger, ni ọjà Petit Marché wà, kò jìnnà sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n fi sọrí Boubou Hama. Àlùbọ́sà Galmi aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń kó wá láti agbègbè Tahoua wà níbẹ̀. Tòmátì wà níbẹ̀, ẹyin, oyin, ọsàn wẹ́wẹ́, kánún, àti ìṣápá gbígbẹ tí àwa fi ń ṣe sóbò, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní bissap. Nónò àwọn obìnrin Fúlàní náà kò gbẹ́yìn. Èdè Zarma àti Haúsá lẹ ó máa gbọ́ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ́tí dáadáa yóò gbọ́ Yorùbá, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò wa ti ń jókòó ti ọjà ní Niamey. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọjà yìí kò kan èrè òwò. Bí a bá fún olùkọ́ láàbù tó mọṣẹ́ rẹ̀ ní apẹ̀rẹ̀ kan àti owó sẹ́fà díẹ̀, ohun tí yóò rà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tó o fi kọ́ odidi kíláàsì níṣẹ́ àyẹ̀wò, láìfi abẹ́rẹ́ gún aláìsàn kankan.

Láàbù tí mò ń wí ni yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ìgbẹ́ àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn wò kí dókítà tó mọ oògùn tí yóò kọ. Ọ̀nà ìkọ́ni tí mò ń wí ni èyí tí àwọn olùkọ́ ìṣègùn ń pè ní simulation: kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ohun tó jọ ohun gidi dánra wò títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́, kí wọ́n tó gbé ohun gidi lé e lọ́wọ́. Àwọn awakọ̀ òfúrufú ti wà lẹ́nu ẹ̀ láti ọdún 1929 tí Edwin Link, ará Amẹ́ríkà, ti kan àpótí kan tó ń yí, tó ń mì, bí ẹni pé ojú òfúrufú ló wà. Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà náà ní tiwọn: ní 1960, Asmund Laerdal, tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ní Norway, fi rọ́bà ṣe ère obìnrin kan tí wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń fẹ́ èémí sí ẹni tí èémí rẹ̀ ti dákẹ́. Àwọn télọ̀ wa gan-an kò dúró de òyìnbó kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni ọ̀gá á ní kó máa gé, kò ní í gbé léèsì oníbàárà fún un. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ láàbù wa, akẹ́kọ̀ọ́ á ka ìwé títí, á na ọrùn wo ọwọ́ ọ̀gá láti ẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó bọ́ síwájú wá fa ẹ̀jẹ̀. Aláìsàn ọjọ́ yẹn ni bébà sìmẹ́ǹtì rẹ̀.

Ó burú nínú iṣẹ́ láàbù ju bó ti burú nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìlera mìíràn lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá gún abẹ́rẹ́ síbi tí kò yẹ, aláìsàn á pariwo, gbogbo wọ́ọ̀dù á gbọ́. Bí ẹni tó jókòó ti máíkírósíkóòpù bá ṣi nǹkan kà, kò sí ẹni tí yóò pariwo. Bébà èsì á jáde ní mímọ́ tónítóní, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i, dókítà á gbà á gbọ́, á kọ oògùn. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó fura, ìgbà mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í fura rárá.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́jà.

Àlùbọ́sà ni kí olùkọ́ wa kọ́kọ́ rà. Láàárín ìpele kan àti èkejì nínú àlùbọ́sà, awọ kan wà tó fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ bó o, ẹ tẹ́ ẹ sórí síláìdì, ẹ kán áyódíìnì kan lé e, kí ẹ fi gíláàsì pélébé dé e. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á hàn, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ààlà wọn ṣe kedere, kókó inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ti gba àwọ̀ ìyeyè. Kò sí àrùn kankan nínú àlùbọ́sà. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ là ń wò. Bó bá ju gíláàsì pélébé náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dípò kó dà á délẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn á rí roboto, etí rẹ̀ á dúdú, á nípọn, á sì dára lójú ju gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Kò sí olùkọ́ láàbù tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì ya afẹ́fẹ́ wá bá rí, pẹ̀lú ọfà àti orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé sẹ́ẹ̀lì lòun rí. Ẹni tó bá ti rí i lórí àlùbọ́sà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó parí. Ẹni tí kò rí i rí, lórí ìgbẹ́ aláìsàn ni yóò ti rí i, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹyin aràn ni.

Nǹkan kejì tí àlùbọ́sà ń kọ́ni ni sùúrù pẹ̀lú ojú awò. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá díẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀, ká tó yí dé èyí tó ga jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú á yí èyí tó gùn jù lọ sílẹ̀ gbàrà, á fi gún síláìdì, á fọ́ ọ, bó bá sì ṣe pé awò ni ó ha, ọdún méjì lè kọjá kí ilé-ẹ̀kọ́ tó rí owó ra òmíràn. Kó fọ́ síláìdì àlùbọ́sà. Kò dun ẹnikẹ́ni.

Ó kan ìtọ̀. Olùkọ́ á bu omi, á fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, á sì fi tíì tó ti rọ̀ dáadáa pa á láró títí àwọ̀ rẹ̀ á fi rí bó ṣe yẹ kó rí. Á pín in sí ife mẹ́rin. Sínú ọ̀kan, á po funfun ẹyin díẹ̀ sí i; sínú èkejì, oyin; sínú ẹ̀kẹta, ṣúgà tí a fi ń mu tíì; sínú ẹ̀kẹrin, sóbò. Á wá kọ orúkọ èèyàn mẹ́rin sí wọn lára, á ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tó ń ṣe oníkálukú wọn.

Ife ẹlẹ́yin kò nira. Ẹ gbé òkè omi inú túùbù sórí iná kó hó, á dàrú, á ṣú. Ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí i: bí dídàrú náà bá dúró, purotéènì ni, kíndìnrín onítọ̀hún ń jò, bó bá mọ́ padà, iyọ̀ lásán ló ń tanni jẹ. Àwọn tó ń kánjú kì í kán ọsàn sí i. Olùkọ́ kò ní í wí fún wọn. Á jẹ́ kí wọ́n kọ èsì tí kò tọ́.

Ife oyin àti ife ṣúgà ni mo fẹ́ràn jù. Gbogbo ọmọ kíláàsì ló ti gbọ́ pé ṣúgà máa ń wà nínú ìtọ̀ alátọ̀gbẹ. Wọ́n á ti sírípù, pélébé tí a fi ń yẹ ìtọ̀ wò, bọ ife ṣúgà, wọn á máa retí kó yí àwọ̀ padà, kò ní í yí. Wọ́n á sè é pẹ̀lú omi aró Benedict, búlúù tó wà ni yóò ṣì wà. Wọ́n á ṣe é sí ife oyin, sírípù á yí, búlúù Benedict á di àwọ̀ ewé, á di ìyeyè, á di pupa bíríkì. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn á ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ṣúgà ìrèké tí a ń rà lọ́jà kì í ṣe gúlúkóòsì. Méjì ló so pọ̀ nínú rẹ̀, gúlúkóòsì àti fúrúkítóòsì, wọ́n sì so mọ́ra débi pé sírípù kò rí èyí tó ń wá. Àwọn kòkòrò oyin ti já okùn yẹn fún wa kí oyin tó dé ọjà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jà pẹ̀lú ife méjèèjì yìí fún wákàtí kan kò ní í ka sírípù bí ẹni ka ìwé mímọ́ mọ́ láyé rẹ̀. Á mọ̀ pé ohun kan pàtó ni sírípù ń wá, kò sì mọ ohun mìíràn.

Ife sóbò ni ti Niamey gan-an. Pupa rẹ̀ á jọ ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á sì ti kọ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó yẹ ohunkóhun wò. Sírípù á ní kò sí ẹ̀jẹ̀. Lótìítọ́, kò sí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kò tíì parí pẹ̀lú wọn: vitamin C wà nínú sóbò, bí vitamin C bá sì pọ̀ nínú ìtọ̀, ó lè mú kí sírípù sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ ní ti gidi. Kí ni ká wá ṣe? Ká fi máíkírósíkóòpù wá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa fúnra wa. Ní ìlú tó wà létí odò Ọya, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tí àwọn aràn inú omi ń fà wọ́pọ̀ lágbègbè odò náà, Theodor Bilharz ló kọ́kọ́ rí aràn rẹ̀ ní Cairo ní 1851. Ẹyin aràn náà ní ẹ̀gún ṣóńṣó kan nídìí, ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní í ṣì í mọ̀. Síbẹ̀, ọ̀sán ni ẹyin yìí máa ń pọ̀ nínú ìtọ̀, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kí ọmọdé gbé ìtọ̀ ìdájí wá lè wò ó títí kó má rí nǹkan kan, kó sì kọ ọ́ pé ara ọmọ le.

Sóbò tó bá ṣẹ́ kù kì í ṣe fún mímu. Ẹ dà á sórí tábìlì láàbù, ẹ ní ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan ló dà nù. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ funfun, kó nu ún, kó da oògùn apakòkòrò sí i, kó wá bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó na ọwọ́ síta. Pupa á wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, níbi tó ti ki ìka bọ abẹ́ ìbọ̀wọ́ kejì láti fà á yọ. Á wà létí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bóyá á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, níbi tó ti yún un, tí kò tilẹ̀ rántí pé òun họ ọ́. Ní oṣù keje ọdún 2014 tí àrùn Ebola wọ ọkọ̀ òfúrufú wá sí Èkó, láàbù tó wà ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn àkọ́kọ́ wò. Ogún èèyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Ẹ fojú inú wo ẹni tó di túùbù ẹ̀jẹ̀ yẹn mú, kí ẹ wá bi ara yín bóyá ọjọ́ yẹn ló yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun kò mọ ìbọ̀wọ́ bọ́.

Nónò ni mo fi gbẹ̀yìn nínú apẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló kan ikú àti ìyè jù. Àwọn bakitéríà tó mú wàrà kan wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, wọn kì í pani lára. Olùkọ́ á fi omi là á kí ọ̀rá inú rẹ̀ má bo nǹkan mọ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á ra á fẹ́lẹ́ sórí síláìdì, á jẹ́ kó gbẹ, á gbé e gba orí iná kọjá. Ó kù kó kùn ún lọ́nà tí Hans Christian Gram, ará Denmark, gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1884: aró àlùkò, omi áyódíìnì, ọtí líle láti fọ̀ ọ́, aró pupa láti parí rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kẹta, ọtí líle, ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Bakitéríà tó bá di àlùkò mú ṣinṣin lẹ́yìn ìfọ̀, a ó pè é ní Gram pọ́sítíìfù. Èyí tó bá jọ̀wọ́ rẹ̀ tó wá gba pupa, Gram nẹ́gétíìfù. A ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ti inú nónò a máa di àlùkò mú. Nítorí náà, bí síláìdì akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde ní pupa, kò sí àwáwí kankan, ọtí ló pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Nónò ti sọ ìdáhùn kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu lórí àwọ̀ méjì? Niamey wà láàárín ilẹ̀ tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn, tí àwọn dókítà ń pè ní meningitis, ti ń jà láti Senegal títí dé Ethiopia. Láti oṣù Ọ̀pẹ dé oṣù Òkúdù, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ni ó máa ń le. Bí wọ́n bá fura sí i, dókítà á fi abẹ́rẹ́ fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn aláìsàn. Omi tó dára máa ń mọ́ gaara. Ti aláàárẹ̀ a máa rí bí omi ìfọ̀rẹsì, bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní èdè Faransé ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé èsì. Láàbù á kùn ún lọ́nà Gram. Bó bá jẹ́ kòkòrò tí Anton Weichselbaum rí ní 1887 ni, á jáde ní pupa, méjì-méjì, tó kọ ẹ̀gbẹ́ síra wọn. Bó bá jẹ́ kòkòrò òtútù àyà, tóun náà ń fa lọ́rùnlọ́rùn, á jáde ní àlùkò, méjì-méjì. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọmọ tí ọtí pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á sọ èkejì di èkíní. Èkíní ni ìjọba ń ka iye rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti mọ̀ bóyá àjàkálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 2015, Niger rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe le tó. Láti 2010 ni wọ́n ti ń fún àwọn èèyàn ní àjẹsára MenAfriVac, ó sì lé ẹ̀yà A kòkòrò èkíní yẹn lọ, ẹ̀yà tó ti ń pa wọ́n tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà A nìkan ló ń lé. Ẹ̀yà C ti yọjú ní Sókótó ní 2013 àti ní Kebbi ní ọdún tó tẹ̀lé e; ó sọdá ààlà, ó sì bo Niamey. Ó lé ní 8,000 èèyàn tí wọ́n fura pé ó mú, ó lé ní 500 tó pa. Ní oṣù kẹrin, ìjọba ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Niamey pa fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n lè ráyè fún àwọn ọmọ ní àjẹsára, àjẹsára náà kò sì tó káàkiri àgbáyé. Ta ló sọ pé ẹ̀yà C ni? Láàbù ni. CERMES, ibùdó ìwádìí ìṣègùn tó wà ní Niamey, ló ń gba omi ọ̀pá ẹ̀yìn láti gbogbo ìpínlẹ̀. Bí láàbù bá ní ẹ̀yà A, àjẹsára mìíràn ni wọn ì bá máa wá. Ìyá tó ń ta tòmátì ní Petit Marché kò lè mọ orúkọ ẹni tó kun síláìdì yẹn, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ onítọ̀hún ni ọmọ rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ní Niamey ń jẹ́ orúkọ Damouré Zika, ẹni tó jáde láyé ní 2009. Òṣìṣẹ́ ìlera ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n eré sinimá ni ayé fi mọ̀ ọ́n, nítorí òun ni ọ̀rẹ́ àti òṣèré Jean Rouch, ará Faransé tó ya ọ̀pọ̀ fíìmù ní Niger. Nínú Jaguar, tí wọ́n yà ní 1954 tó sì jáde ní 1967, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe bí ọ̀dọ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Gold Coast láti wá owó. Nígbà tí wọ́n yà á, kò sí ohùn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá wo ara wọn, tí wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ń rí, tí wọ́n ń bú ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tó ṣeré, tó tún jókòó wo eré ara rẹ̀ tó sì sọ̀rọ̀ lé e lórí: ilé-ẹ̀kọ́ ìlera wo ló tún rí orúkọ tó bá ọ̀rọ̀ wa mu tó báyìí?

Nítorí eré nìkan kò tó. Ìjókòó tó tẹ̀lé eré ni ẹ̀kọ́ wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kọ èsì ife mẹ́rin sílẹ̀, kí gbogbo wọn jókòó, kí oníkálukú sọ ohun tó rí, ohun tó rò, àti ibi tí ìrònú rẹ̀ ti gba ọ̀nà mìíràn. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa níbí: a kò mọ èyí ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ wa lọ, pàṣán ni ìdáhùn sí àṣìṣe. Ọmọ tí wọ́n ti nà fún ìṣirò tó kùnà kọ́ ẹ̀kọ́ kan dájú, ẹ̀kọ́ náà ni kéèyàn fi àṣìṣe pamọ́. Gbé ọmọ yẹn lọ sí láàbù. Lọ́jọ́ tí túùbù ẹ̀jẹ̀ méjì bá pààrọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á fọkàn bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Túùbù a máa pààrọ̀ lóòótọ́. Àwọn tó ń ṣèwádìí àṣìṣe láàbù ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ju ìdajì rẹ̀ lọ ló ń ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé ibi ẹ̀rọ: orúkọ tí kò tọ́, túùbù tí kò tọ́, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi sínú oòrùn. Fún ìyẹn, olùkọ́ kò nílò ọjà rárá. Kó kọ fọ́ọ̀mù méjì, Táyé Adéògún àti Kẹ́hìndé Adéògún, ọjọ́ ìbí kan náà, àdírẹ́sì kan náà, nọ́ńbà fóònù ìyá kan náà. Kó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní túùbù omi pupa méjì, kó sì rán ẹnìkan pé kó wá máa bá a tàkúrọ̀sọ bó ṣe ń lẹ orúkọ mọ́ wọn. Ní ilẹ̀ Yorùbá tí ìbejì pọ̀ tó báyìí, ìdánrawò yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo òmíràn, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí Táyé lára kó má baà jẹ́ èyí tí wọ́n fi ti Kẹ́hìndé wọ̀n.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ayé ti kọjá nónò àti àlùbọ́sà. Síláìdì orí kọ̀ǹpútà wà báyìí, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìka fẹ̀ lórí fóònù. Ère apá rọ́bà wà tí iṣan rẹ̀ ń mì. Awò ojú wà tí èèyàn á gbé wọ̀ táá rò pé inú láàbù lòun wà. N kò kọ̀ wọ́n. Síláìdì orí kọ̀ǹpútà dára gan-an fún kíláàsì ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ní máíkírósíkóòpù mẹ́fà, gbogbo wọn á rí ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ bọ́tìnì tó ń mú ojú ríran ṣe kedere, àti pé iná ló ń jẹ. Ní oṣù keje 2023, ológun gbàjọba ní Niamey. Nàìjíríà, tó ń fún Niger ní nǹkan bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún iná mànàmáná rẹ̀ nígbà náà, gé iná náà, wọ́n sì ti ààlà, ìṣòro tí àwọn oníṣòwò wa kò ní í gbàgbé láéláé. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, máíkírósíkóòpù àtijọ́ tó ní dígí nídìí, ẹ gbé e síwájú fèrèsé, oòrùn Niamey á ṣiṣẹ́ tó kù. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá lówó kó ra méjèèjì. Èyí tí kò bá lówó kò gbọdọ̀ fi àìlówó ṣe àwáwí.

Ohun tí kò sí lọ́jà, tí olùkọ́ sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ, ni síláìdì àdììtú: ẹ̀jẹ̀ oníbà tí àwọn ọ̀gá ti kà, tí wọ́n fẹnu kò lórí rẹ̀, tí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rí. Díẹ̀ ní kòkòrò púpọ̀, díẹ̀ ní tín-ín-rín, àwọn mìíràn kò ní rárá. Àwọn tí kò ní rárá ni wọ́n ń fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ jù, nítorí ojú tí wọ́n ti ní kó wá nǹkan á rí nǹkan dandan. Eruku aró á di kòkòrò ibà. Ní 1947, William Belk àti William Sunderman gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà: wọ́n fi omi àyẹ̀wò kan náà, tí wọ́n ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ránṣẹ́ sí àwọn láàbù ilé ìwòsàn ní Pennsylvania. Èsì tó padà wá jìnnà síra wọn débi tó fi kó ìtìjú bá iṣẹ́ náà. Láti ibẹ̀ ni àṣà dídán láàbù wò ti tàn kálẹ̀. Nàìjíríà ní ibùdó tirẹ̀ ní Saye, lẹ́bàá Zaria, lábẹ́ MLSCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ láàbù. Fún àyẹ̀wò HIV, àwọn ará CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, tiẹ̀ ti rí ọgbọ́n kan dá fún ilẹ̀ olóoru: wọ́n á po aró aláwọ̀ ewé mọ́ omi ẹ̀jẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ sínú túùbù, kò nílò yìnyín, láàbù tó bá gbà á á kán omi sí i, á sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Láàbù tó ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń dán wò báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní kí wọ́n máa dán wò, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láti ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kó kùnà títí tí kò fi ní í kùnà mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ láàbù ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìbàdàn, ní Cotonou tàbí ní Niamey, ẹ béèrè ohun kan lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó ka owó sílẹ̀: síláìdì àdììtú mélòó ni ọmọ mi yóò kà kí ẹ tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn? Bí wọn kò bá lè sọ iye kan pàtó, ẹ di owó yín mú, kí ẹ wá ibòmíràn lọ.